Ẹsẹ̀ Kékeré Lórí Patanmọ́

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, àmọ́ n kì í ya èèyàn mọ́. Mo ti ya ìyàwó, mo ti ya ọmọ tuntun, mo ti ya àwọn alàgbà ìjọ tó ń sọ fún mi pé kí n bá àwọn dín ikùn àwọn kù. Ó sú mi. Ewéko kì í bínú pé òun dúdú jù nínú fọ́tò, kì í sì í ní kí n tún òun yà nítorí pé òun dijú. Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè gbà nígbà tí obìnrin kan tó ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí Ògùdù GRA ní kí n ya òdòdó àti ewéko agbègbè wa fún òun, ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́tọ̀, ti ìgbà òjò lọ́tọ̀, kí òun lè gbé wọn kọ́ sára ògiri yàrá àwọn àlejò.

Ohun tí mo sọ fún Dayọ̀ ọkọ mi nìyẹn, ohun tí mo sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí ni mò ń wá.

Ìbíjọkẹ́ ni ọmọ náà ń jẹ́. Òun ni àkọ́bí wa, òun nìkan la sì bí. Ó ti ń rìn, ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé èmi nìkan ló yé. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ a máa yí sínú díẹ̀ tó bá ń rìn. Dókítà ní ká má fòyà, pé á na fúnra rẹ̀ tó bá ń dàgbà, àmọ́ èmi kì í gbọ́ ti dókítà. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni mò ń pariwo mọ́ ọn pé, “Ìbíjọkẹ́, gbé ẹsẹ̀ òsì ẹ dáadáa.” Nígbà ọyẹ́, ibà mú un. Ibà di gìrì. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọn ò sì dá a padà fún mi mọ́.

Tí ọmọ bá kú nílẹ̀ wa, òbí kì í sin ín. Wọn kì í jẹ́ kí òbí wà níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀, wọn kì í sì í fi ojú oórì hàn án láyé. Mo mọ àṣà yìí kí n tó bímọ rárá. Mo tiẹ̀ máa ń rò pé àánú ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ọjọ́ tó kàn mí ni mo tó mọ̀ pé ó burú.

Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ oorun nílé ìwòsàn. Nígbà tí mo lajú, yàrá Mummy Modinat ni mo bá ara mi. Yàrá wọn ló kọjú sí tiwa nínú ilé tí à ń gbé ní Alápẹ̀rẹ̀. Ata àti tòmátò ni wọ́n ń tà ní Mile 12, wọ́n wà lára àwọn tí ọkọ̀ Òkè Ọya ń já ẹrù fún ní tààrà. Wọn ò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fa tẹ̀súbáà wọn. Lẹ́nu ọ̀nà, Daddy Elkanah, àbúrò bàbá ọkọ mi, jókòó lórí àpótí, wọ́n tẹ̀ba, wọ́n ń ṣa èèmọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò wọn. Èèmọ́ nìwọ̀nyí, èso kékeré ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó bá gba inú igbó kọjá. Wọ́n ń já a lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó o sí àtẹ́lẹwọ́ wọn.

“Daddy, ibo lẹ gbé e sí?” ni mo bi wọ́n.

“Ó ti sinmi, ìyàwó wa,” ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì dìde lọ da èèmọ́ náà nù.

Kò sẹ́ni tó tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi. Dayọ̀ ní wọn ò sọ fún òun náà, mo sì gbà á gbọ́. Àmọ́ èèmọ́ yẹn kò kúrò lójú mi. Lójú tèmi, oorun díẹ̀ ni mo sùn, àárọ̀ kan sí ìrọ̀lẹ́ rẹ̀. Bàbá náà kò lè lọ jìnnà kí wọ́n sì padà dé. Igbó kan nítòsí ni wọ́n gbé ọmọ mi lọ, igbó tí èèmọ́ wà. Mélòó ló sì kù nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ láàárín Kẹ́tu àti Àgbóyí? Mo ní màá rí i.

Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa nígbà tí mo mọ̀ pé mo ti tún lóyún. Inú gbogbo èèyàn dùn ju tèmi lọ. Wọ́n ní Ìbíjọkẹ́ ló ń padà bọ̀. Dayọ̀ sọ ọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí mi bó ṣe ń sọ ọ́, kí n má baà rí omi lójú rẹ̀. Mummy Modinat náà sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò jẹ́ sọ irú ẹ̀ níwájú ààfáà wọn. Wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń ṣa ata tó ti rọ̀ kúrò nínú agbọ̀n.

“Dìwúrà, gbọ́ mi. Má pe orúkọ ẹ̀ mọ́. Má sì wá ibi tí wọ́n gbé e sí. Ọmọ tó bá fẹ́ padà, díẹ̀díẹ̀ ló ń dìde. Tí ìyá ẹ̀ bá wá lọ dúró lé e lórí, tó ń ké, kò ní lè dìde mọ́. Á kàn dúró tì í níbẹ̀ ni. Ṣó o gbọ́ mi?”

“Mo gbọ́, Mummy. Ẹ ṣé.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé kámẹ́rà mi, mo jáde.

Ẹ má rò pé mi ò ṣe iṣẹ́ obìnrin Ògùdù náà. Mo ṣe é dáadáa. Mo ya igi pánṣẹ́kẹ́ nígbà tí gbogbo orí rẹ̀ pọ́n, tí òdòdó rẹ̀ ń já sórí àwọn mọ́tò tí wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀. Mo ya òdòdó pupa roboto tó máa ń ta jáde láti inú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí kì í tíì ní ewé kankan lára. Mo ya òṣíbàtà létí omi lọ́nà Àgbóyí, mo ya ewéko wẹ́wẹ́ tó ń hù láàárín sìmẹ́ńtì gọ́tà ní ẹ̀gbẹ́ títì Ìkòròdú. Ibi gbogbo tí mo bá dé, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo òdòdó. Mò ń wá ibi tí ilẹ̀ ti wọ̀ díẹ̀, ibi tí koríko ti tutù ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé mo máa gbé kámẹ́rà lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, màá dojú rẹ̀ kọ ewéko, màá sì ṣètò rẹ̀ kó máa ya fọ́tò fúnra rẹ̀ léraléra. Èmi á lọ jókòó síbòji. Òdòdó kì í là lójú ẹni tó ń kánjú. Mi ò ní sùúrù fún èèyàn, Dayọ̀ lè jẹ́rìí sí i, àmọ́ mo ní in fún èyí.

Bí mo ṣe ń wá kiri ni mo dé ilẹ̀ kan ní Ìkòsí, níbi tí ilé ti ń tán tí àbàtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ ilé síbẹ̀ rí, ó kọ́ ọ dé ojú fèrèsé, ó sì fi í sílẹ̀. Ògiri ọgbà rẹ̀ ti wó lápá kan. Èèmọ́ kún ibi tó wó náà bámú, àyà mi sì já nígbà tí mo rí i. Inú ọgbà fúnra rẹ̀, patanmọ́ ló bò ó láti ìkángun dé ìkángun, òdòdó rẹ̀ píǹkì roboto roboto lórí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ṣe ọmọdé nílẹ̀ wa tí kò mọ patanmọ́. Tí o bá fọwọ́ kàn án, á pa ewé rẹ̀ dé wéré, tó bá sì ṣe díẹ̀, á tún rọra là á. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ń bọ̀, ká tó fi ìka tọ́ ọ. Kì í ṣàdédé pa ewé rẹ̀ dé lọ́sàn-án. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ kàn án.

Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀. Mummy Modinat ti sọ fún mi pé aláboyún kì í rìn ní irú àsìkò yẹn, àmọ́ oòrùn tó mọ́lẹ̀ kedere ni mo fẹ́ fún òdòdó náà. Atẹ́gùn kò fẹ́ rárá. Mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀, mo lọ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù kan. Mò ń gbọ́ ariwo Mile 12 lọ́ọ̀ọ́kán, fèrè ọkọ̀ akẹ́rù àti igbe àwọn alábàárù. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo rò pé oorun ló ń gbé mi lọ.

Nígbà tí mo padà sídìí kámẹ́rà tí mò ń yẹ àwọn fọ́tò náà wò, mo rí i pé ewé ti pa dé níbì kan lọ́nà iwájú, nítòsí ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn. Ibi kékeré ni, kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Nínú fọ́tò tó tẹ̀lé e, ibòmíràn ti pa dé níwájú rẹ̀, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Nínú èyí tó tún tẹ̀lé e, òmíràn. Mo ní aláǹgbá ni. Mò ń wò ó lọ. Ó ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ó dorí kọ kámẹ́rà. Aláǹgbá kì í fi ẹsẹ̀ méjì rìn. Kò sì sí nǹkan kan lórí ewé náà nínú gbogbo fọ́tò, àfi oòrùn.

Mo gbójú kúrò lára kámẹ́rà, mo wo ilẹ̀ gan-an. Àwọn ibi tó jìnnà ti ń là padà. Àwọn tó sún mọ́ mi ṣì pa dé. Èyí tó gbẹ̀yìn, tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi á tó o.

Ẹ̀rù bà mí. Ẹlòmíràn ìbá ti sá lọ. Èmi, mo kúnlẹ̀, mo pe orúkọ tí wọ́n ní kí n má pè.

“Ìbíjọkẹ́, ṣé ìwọ nìyẹn?”

Ewé kan pa dé níwájú mi, lójú mi báyìí, kò sí ohun tó fọwọ́ kàn án. Mo bú sẹ́kún. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí ayọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí bí mo ṣe máa ń bá a wí nílé, pé kí ló ń ṣe nínú oòrùn, pé ta ló bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, pé, “Gbé ẹsẹ̀ òsì ẹ dáadáa kí o má ṣubú.” Bí òmùgọ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀. Inú mi sì dùn ju bó ṣe dùn láti ìgbà ọyẹ́ lọ.

Mo padà lọ nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́. Ẹsẹ̀ náà wá. Mo wo ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ dáadáa, mo sì rí i pé ti òsì yí sínú. Kí ni mo tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn? Mi ò ya òdòdó kankan mọ́. Mo kàn ń gbé kámẹ́rà lọ kí wọ́n má baà bi mí léèrè ni. Tí oòrùn bá ti kan àtàrí, màá jókòó sẹ́bàá patanmọ́ náà, màá pe orúkọ, á wá. Á yí mi ká. Nígbà míì, á sáré, ewé á máa pa dé fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lọ sí ìdí ògiri, á tún sáré padà. Kì í kàn mí. Gbogbo ìgbà ló máa ń dúró jìnnà díẹ̀ sí mi, bí ọmọ tí wọn ò tíì ní kó wá.

Dayọ̀ rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín. “Ara ẹ ti ń yá,” ó wí, inú rẹ̀ dùn, ó ra ọsàn àti máńgòrò bọ̀ wá fún mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ mi ò sọ fún un.

Mummy Modinat ló rí èèmọ́ lára yẹ̀rì mi. Wọ́n ń bọ̀ láti ọjà, wọ́n bá mi lẹ́nu géètì, wọ́n sì tẹ̀ba, wọ́n já ọ̀kan.

“Ibo lo ti rí eléyìí?”

Mo ní ibi iṣẹ́ ni.

“Irú iṣẹ́ wo? Mú mi débẹ̀ lọ́la.”

Ẹ ò lè bá Mummy Modinat jiyàn. Àwọn awakọ̀ Òkè Ọya gan-an kì í bá wọn jiyàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, a sì jọ lọ. Bí a ṣe gba ibi ògiri tó wó náà wọlé, ariwo ọjà dákẹ́. Wọ́n yíjú wẹ̀yìn, wọ́n wò mí. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, mo sì pe ọmọ mi.

“Dìwúrà, ta lò ń pè?”

“Ẹ wo ilẹ̀, Mummy.”

Wọ́n wò ó. Ewé ń pa dé láti ìdí ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Nígbà tó dé àárín ọgbà, ó dúró. Mo rò pé ó rí i pé mi ò dá wá. Mummy Modinat rọra bọ́ sálúbàtà wọn, wọ́n gbé e dání. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn jáde lọ síta ọgbà, wọ́n sì ń fọwọ́ pè mí láìpe orúkọ mi. Mo tẹ̀lé wọn.

“Ta ló sọ fún ẹ pé ibí ni wọ́n sin ín sí?” ni wọ́n bi mí.

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èmi ni mo wá a rí. Ẹ ò rí ẹsẹ̀ òsì yẹn ni?”

“Mo rí ẹsẹ̀ òsì. Gbọ́ mi, ọmọ mi. Kí ilé tó dé àdúgbò yìí, ibí ni wọ́n ń gbé àwọn ọmọ kéékèèké tó bá kú wá. Àwọn àgbà onílùú ló sọ fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Kì í ṣe ọmọ kan, kì í ṣe ọmọ méjì. Lọ bá Daddy Elkanah. Lọ bi wọ́n bóyá ibí ni. Jọ̀ọ́, kí o tó tún fẹsẹ̀ tẹ ibí yìí, lọ bi wọ́n.”

Àárín Ògùdù àtijọ́ ni Daddy Elkanah ń gbé, nínú yàrá kan tó kún fún pákó, nítorí iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ṣe títí ara fi kọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo gbé kámẹ́rà fún wọn, mo fi ilẹ̀ náà hàn wọ́n, ògiri tó wó, ilé tí wọ́n kọ́ dé ojú fèrèsé. Wọ́n wò ó títí.

“Ìyàwó wa, mi ò mọ ibí yìí. Mi ò débẹ̀ rí.”

“Daddy, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Èèmọ́ wà lára ṣòkòtò yín lọ́jọ́ yẹn.”

“Èèmọ́ oko bàbá mi ni. Ìgbòho ni mo gbé e lọ. Ọkọ̀ àárọ̀ ni mo wọ̀, mo gbé e lé itan, mo sọ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ pé ó ń sùn. Ẹ̀gbẹ́ àbúrò mi tó kú ní kékeré ni mo sin ín sí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo tó padà dé. Ìwọ ò mọ̀, abẹ́rẹ́ yẹn ló ń fún ẹ lóorun. Gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ jí lò ń ké, wọ́n á sì tún gún ẹ.” Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú wọn. “Kò yẹ kí n sọ fún ẹ. Ojú ẹ ló ń dẹ́rù bà mí.”

Mi ò mọ bí mo ṣe jáde níbẹ̀. Mo jókòó sórí pèpéle ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n tì, mo sì tan kámẹ́rà mi. Mo wá àwọn fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn tó ti yà kí n tó la ẹnu mi rárá. Mo fà wọ́n tóbi, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ méjèèjì tọ́. Kò sí èyí tó yí sínú. Ọjọ́ tí mo ní kó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dáadáa ló gbọ́, lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Èmi ni mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ṣe bí ọmọ mi.

Mo pa kámẹ́rà náà, mo padà sí Alápẹ̀rẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Mummy Modinat, wọn ò sì bínú sí mi. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju kí wọ́n bínú lọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá wọn, wọ́n sì dì mí lọ́wọ́ méjèèjì mú.

“Ọmọ ọlọ́mọ lo fún lórúkọ ọmọ ẹ. Ó sì ti ń jẹ́ ẹ. Èyí tó ń ti Ìgbòho bọ̀, ibo ni kó gbà wọlé tí ẹlòmíràn bá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà? Lọ sọ fún un pé ìwọ kọ́ ni ìyá ẹ̀. Má bá a rojọ́. Má bẹ̀ ẹ́. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí o yíjú, kí o máa bọ̀, má wẹ̀yìn. Tí ọ̀rọ̀ náà bá ti ẹnu ẹ jáde, á mọ̀ pé ilé kọ́ nibẹ̀, á sì padà síbi tó ti wá. Bí o ṣe máa gba Ìbíjọkẹ́ padà nìyẹn. Ṣó o gbọ́?”

“Ẹ bá mi lọ, Mummy.”

“Èmi kọ́ ló pè é,” ni wọ́n wí.

Mo dá lọ. Oòrùn kan àtàrí. Mi ò gbé kámẹ́rà dání, ọwọ́ mi sì ṣófo lọ́nà tí kò bá mi lára mu. Mo gba ibi tí ògiri wó wọlé, ariwo ọjà dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. Mi ò pe orúkọ kankan. Kò dúró kí n pè é. Bó ṣe rí mi, ó sáré. Ewé ń pa dé láti ìdí ilé náà, ó ń bọ̀ wá bá mi tààrà, ẹsẹ̀ òsì ń yí sínú bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó dé iwájú mi, ó sì dúró níbi tó máa ń dúró sí.

Mo ti há ọ̀rọ̀ náà sórí láti Alápẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́.

“Èmi kọ́ ni ìyá ẹ.”

Kò sí nǹkan kan tó mì. Ewé tó pa dé níwájú mi bẹ̀rẹ̀ sí í là padà, díẹ̀díẹ̀. Mo yíjú. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo tún gbé èkejì. Wọ́n ní kí n má wẹ̀yìn. Tí kì í bá ṣe pé mo ti bímọ rí, mi ò bá tí wẹ̀yìn.

Mo wẹ̀yìn. Kò lọ. Ojú kan náà tó dúró sí, ewé ibẹ̀ ń fẹ́ là, ó ń pa dé, ó ń fẹ́ là, ó tún ń pa dé, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, lórí ìwọ̀n ilẹ̀ tí kò ju àwo oúnjẹ lọ. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ìyá wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń sunkún, mi ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mo ronú kan Ìgbòho. Mo ronú kan ọmọ mi lórí itan Daddy Elkanah nínú ọkọ̀, tí wọ́n ní ó ń sùn. Mo ronú pé ó ń bọ̀ lọ́nà, pé ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣófo kó tó dé. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tí mi ò mọ̀ nínú rẹ̀. Mo sì tún ronú kan obìnrin kan, níbì kan, nígbà kan, tí wọn ò sọ fún un pé ibí ni wọ́n gbé tirẹ̀ wá.

“Ó tó,” mo wí. “Ó tó bẹ́ẹ̀. Má sunkún mọ́.”

Ẹsẹ̀ náà dúró.

Mo kúnlẹ̀ sórí ẹ̀gún patanmọ́, mo sì na ọwọ́ mi méjèèjì. “Máa bọ̀.”

Ó bọ̀. Kò sáré lọ́tẹ̀ yìí. Ewé kan, ewé kan, títí ó fi dé ibi tí orúnkún mi wà. Mo dúró kí nǹkan kàn mí. Nǹkan kan kò kàn mí. Mo dúró pẹ́, títí gbogbo ewé tó wà nínú ọgbà fi là, tí òdòdó píǹkì ń wò mí láti ìkángun dé ìkángun. Kò sí ìtẹ̀sẹ̀ kankan tó padà lọ. Mò ń wá a lójú, mò ń wò yíká, nígbà tí ọmọ inú mi mira fún ìgbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe díẹ̀. Ó yí, ó sì fara balẹ̀, bí ẹni tó rí ibi tó fẹ́ sùn sí.

Fóònù mi dún. Mummy Modinat ni. Mò ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn wọn.

“Ṣó o ti sọ fún un?”

“Mo ti sọ fún un, Mummy.”

“Ṣé ó ti lọ?”

“Kò sí níbí mọ́.”

Wọ́n ní Alhamdulillah. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé, pé àwọn máa ra ẹja tútù bọ̀ fún mi. Mo dúpẹ́. Mo fi ọwọ́ lé ikùn mi, mo sì jókòó sínú oòrùn níbẹ̀ díẹ̀ sí i. Inú mi dùn. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, pé inú mi dùn, tí mi ò sì bi í léèrè bóyá òun ni Ìbíjọkẹ́.